Ta Ló Bí Ọ? Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ Ìdí Òfin Tí Ìjọba Gbé Wá sí Ẹnu Ìsọ̀ Yín

Lọ́jọ́ Ajé kan, onídìrí tó wà ní ìsọ̀ kẹta sí tèmi, nítòsí Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, gbé bébà kan wá pé kí n bá òun ṣe fótókọ́pì rẹ̀ mẹ́ta. Àmì ìjọba wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ àlùkò wà nísàlẹ̀, wọ́n kọ ₦12,000 gàdàgbà sáàárín, wọ́n sì ní bí kò bá san án láàárín ọjọ́ méje, àwọn á wá ti ìsọ̀ rẹ̀ pa.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó hàn dáadáa o. Mo fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Bàbá Ìbejì kó lè mọ̀ pé mi ò parọ́ owó."

Mo ti gbé e sórí ẹ̀rọ kí n tó tún gbé e kúrò. Mo wọ gíláàsì mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tó sọ nípa àṣẹ tí wọ́n fi ń béèrè owó ni "gẹ́gẹ́ bí òfin tó wà nílẹ̀." Òfin wo? Ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Ta ló ṣe é? Kò sí níbẹ̀.

Ní ìlú wa níbí, bí ẹnìkan bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ajílété, ohun tí wọn á kọ́kọ́ bi í ni pé ọmọ ilé ta ni. Bó bá ti ń wo òkè wo ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé wa. Òfin tí àjọ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe náà nílé. Ó níyàá tó bí i, ó sì ní ìyá àgbà. Bí ẹ ṣe máa bi í léèrè ilé rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, àti bí ẹ ṣe lè dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú oyún.

Mi ò kàwé lọ́yà o. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi jẹ́ atẹ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀ kan lágbègbè wa kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti tẹ bye-law, ìyẹn òfin tí ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣe, tó pọ̀ ju aṣọ tí mo ní lọ. Kọ̀ǹpútà ni mo ń lò nínú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, àmọ́ Ìyá Tápíráìtà ni àdúgbò ṣì ń pè mí.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìyá rẹ̀

Àwọn tí a dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 gbé òfin ṣíṣe lé lọ́wọ́, ní abala 4. Ṣùgbọ́n ṣé aṣòfin tó jókòó l'Ábùjá ló máa mọ bó ṣe yẹ kí lẹ́tà ara ìgò kasú tóbi tó? Kò lè mọ̀ ọ́n, kò sì sáyè. Wọ́n á ṣe òfin ńlá, wọ́n á fi dá àjọ kan sílẹ̀, wọ́n á wá kọ abala kan sínú rẹ̀ pé àjọ yìí lè ṣe ìlànà lórí nǹkan báyìí báyìí. Abala kékeré yẹn ni ìwọ́ tó so ọmọ mọ́ ìyá. Ibi tó bá gùn dé ni agbára àjọ dé. Bí àjọ bá nasẹ̀ kọjá ibẹ̀, kóòtù lè wọ́gi lé ohun tó ṣe.

Ẹ wo NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn. Decree 15 ti 1993, nígbà ìjọba ológun, ló dá a sílẹ̀, ó sì wà nínú àkójọ òfin àpapọ̀ ti 2004. Bí ẹ bá ṣí ìlànà tí NAFDAC ṣe, lójú ìwé àkọ́kọ́ ẹ ó rí gbólóhùn kan lédè Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "In exercise of the powers conferred". Oríkì ìwé ni mo máa ń pè é. Ibẹ̀ ni ìwé ti máa dárúkọ ìyá rẹ̀, abala 5 àti abala 30 òfin NAFDAC, tí yóò sì sọ ẹni tó ṣe é: ìgbìmọ̀ alákòóso àjọ náà, pẹ̀lú ìfọwọ́sí mínísítà ètò ìlera. Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Agbára tí wọ́n yá ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ kò lè dédé gbé e fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ìwé kan bá jáde tó jẹ́ pé ọ̀gá ẹ̀ka kan ló dá fọwọ́ sí i, ó lè jẹ́ ìkìlọ̀, ó lè jẹ́ ìmọ̀ràn rere pàápàá, ṣùgbọ́n kò tíì di ìlànà.

Sákúlà náà bẹ́ẹ̀. Sákúlà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ. Bí ọkọ bá sọ fún ìyàwó pé kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa jẹun lẹ́yìn aago mẹ́jọ, ìyẹn ò kan ará ilé kejì.

Ibi tí ẹ ti máa rí ọmọ òfin fúnra rẹ̀ ni gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin. Ti ìjọba àpapọ̀ máa ń ní lẹ́tà S.I. (Statutory Instrument) pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọdún. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, torí bí ẹ bá ti ní i, kò sí akọ̀wé tó máa sọ fún yín pé òun ò mọ èyí tí ẹ ń sọ. Ẹ rántí owó iná Band A tó di ₦225 lórí ẹyọ kan ní oṣù kẹrin 2024. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Tákíé níbí ló ń bú àwọn aṣòfin nígbà náà. Kì í ṣe wọ́n. NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ló fi àṣẹ gbé e jáde, agbára tí òfin iná mànàmáná ti 2023 fún un ló sì lò. Ẹni tí ẹ fẹ́ bá jà, ẹ mọ ilé rẹ̀ kí ẹ tó ká aṣọ lára.

Ti ìjọba ìbílẹ̀

Èyí ló kàn wá jù, torí àwọn ló ń kanlẹ̀kùn. Ẹ lọ sẹ́yìn ìwé òfin 1999, ẹ wá Àfikún Kẹrin. Kò gùn rárá. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà.

Ọjà wà níbẹ̀, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò. Itẹ́ òkú, gọ́tà, iná ojú pópó, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé. Ilẹ̀ àti ìdọ̀tí kíkó. Àkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, òkú àti ìgbéyàwó. Owó ilé, àmọ́ bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á kalẹ̀ ni. Ìwé àṣẹ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀ títí dòní, ẹ má rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ìwé àṣẹ fún bàsíkùlù, bárò, ọmọlanke àti ọkọ̀ ojú omi. Mo ti ń dúró láti ọdún yìí wá kí n rí ẹni tó máa wa ọkọ̀ ojú omi wọ Ọjà Jagun. Ọkọ̀ akẹ́rù wà lára wọn, ṣùgbọ́n wọ́n yọ èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi tìtorí ọmọlanke dá yín dúró, ó ní ibi tó ti rí i. Bó bá ní ìwé àṣẹ ọkọ̀ tírélà lòun ń tà lábẹ́ ìlà kan náà, ẹ ní kó ka ìlà náà tán.

Ibi tó kan onídìrí wà nísàlẹ̀: ìṣàkóso ṣọ́ọ̀bù àti kíósìkì, búkà, ilé búrẹ́dì, ibi ìfọṣọ, pátákó ìpolówó, ọtí títà, àti ẹran ọ̀sìn inú ilé tó ń rìn kiri.

Ẹ wá dúró díẹ̀. Kí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ èèyàn yàtọ̀ sí pé ó ti ṣe òfin lórí rẹ̀. Abala 7 ìwé òfin ní òfin tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe ni yóò gbé iṣẹ́ wọ̀nyí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni ìyá àgbà, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ìyá, bye-law ni ọmọ. Àwọn agbowó kan máa ń sáré dárúkọ ìyá àgbà fún yín: "Ó wà nínú constitution!" Ìyá àgbà kì í gbowó ìsọ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọmọ wá kí ẹ rí i.

Ibi tí wọ́n ti ń se é

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí a ṣì ń fi tápíráìtà gún sítẹ́nsùlù, bébà onída tí a fi ń tẹ ẹ̀dà jáde, ẹ̀ka ìlera gbé ìwé wá lórí ewúrẹ́ àti àgùntàn tó ń jẹ̀ kiri inú ọjà. Ìtanràn tí wọ́n fọwọ́ kọ sínú rẹ̀ ni ₦250 lórí ẹran kan. Ọjọ́ Ẹtì ni, mo ti ń wo aago torí ìpàdé ẹgbẹ́, mo fi òdo kan lé e. Ó di ₦2,500. Ẹ ó rí ewúrẹ́ rà tí kò tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Sítẹ́nsùlù kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Bí èèyàn bá ṣì í, oje pupa kan wà tó ń rùn bí ọ̀dà èékánná, a ó fi pa ojú ibẹ̀, a ó máa fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i títí á fi gbẹ, ká tó tún un gún. Mi ò rí àṣìṣe náà, oje ò kàn án. A yí i lórí Gestetner, ẹ̀rọ tó ń fi sítẹ́nsùlù tẹ̀wé, ogójì ẹ̀dà.

Ọ̀gá ẹ̀ka fọwọ́ sí i. Akọ̀wé fọwọ́ sí i. Ó dé iwájú àwọn káńsẹ́lọ̀. Kíkà àkọ́kọ́, àkọlé nìkan ni wọ́n ń kà, ó kọjá. Kíkà kejì ni wọ́n ti ń jiyàn lórí kókó ọ̀rọ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi jiyàn lórí igi tí wọn yóò máa so ẹran mọ́, wọn ò dé ibi owó. Ó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kékeré, ìgbìmọ̀ fi kọ́mà kan kún un, ó padà. Ó ku kíkà kẹta, kí alága fọwọ́ sí i, kó lọ sí gásẹ́ẹ̀tì.

Bàbá kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wá jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn bí ẹni wá wo bọ́ọ̀lù. Ó nawọ́, wọn ò dá a lóhùn, torí àlejò kì í sọ̀rọ̀ níbi ìjókòó. Ó ya bébà péńpé, ó kọ nǹkan sí i, ó fi rán ọmọ ọ́fíìsì sí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ náà kà á sókè: "Abala 6. Ìtanràn yìí ju owó ewúrẹ́ lọ. Ṣé ẹ fẹ́ mú ẹran ni, àbí ẹ fẹ́ tún un tà fún olówó rẹ̀?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí bàbá yẹn kọ ni mo fi ń kọ́ àwọn èèyàn dòní. Kò kọ "ìjọba yìí ń fìyà jẹ wá." Ó dárúkọ abala, ó sọ ohun tí abala náà máa ṣe, ó parí ọ̀rọ̀, ó sì ṣe é kí kíkà kẹta tó dé. Lẹ́yìn kíkà kẹta, lọ́yà ló kù.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé bye-law kan ń bọ̀, ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín, kí ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ kó tó di ti alága. Bó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ilé aṣòfin ní Agodi n'Íbàdàn máa ń pe ìpàdé ìtagbangba lórí àwọn àbá òfin. Ẹgbẹ́ yín lè rán ẹnìkan lọ. Bó bá jẹ́ ti NAFDAC, wọ́n máa ń gbé àbá ìlànà sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn pé kí aráàlú sọ̀rọ̀ sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti 1946 tó ní kí àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ wọn kọ́kọ́ kéde ìlànà tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ aráàlú, kí wọ́n tó ṣe é. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí irú òfin kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ tó de gbogbo àjọ. Òfin tó bí àjọ kọ̀ọ̀kan lẹ máa wò, bóyá ó pàṣẹ kí wọ́n fọ̀rọ̀ lọ̀ yín tàbí kò pàṣẹ.

Ọmọkùnrin kan tó ń di kasú sínú ìgò ní Under G gbé èsì tó fẹ́ fi ránṣẹ́ wá fún mi tẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rin. Ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ ló gba ojú mẹ́ta. Mo ní, "Ọmọ mi, wọn ò ní dé ojú kẹrin." A gé e títí ó fi ku ìpínrọ̀ méjì: abala tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí, pé ìgò òun kò ga ju ìka àárín lọ, bí gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ bá ní láti wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kò ní sáyè fún orúkọ kasú, àti ìlà tó fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, pé kí àwọn tó ń lo ìgò kékeré lè kọ ìyókù sára páálí. Ìlà ìrọ́pò yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń kọ òfin lọ́fíìsì, ó rẹ̀ ẹ́, ọ̀sán ti pọ́n, ẹni tó bá bá a kọ gbólóhùn sílẹ̀ ló máa ràn lọ́wọ́.

Bí ẹ ṣe máa gba ẹ̀dà

Òfin kan wà láti 2011 tó fún gbogbo èèyàn láǹfààní láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, FOI (Freedom of Information) ni wọ́n ń pè é. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ìwé. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí iṣẹ́ ìwé náà bá pọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Owó tí wọ́n lè gbà kò kọjá ti ẹ̀dà ṣíṣe, àti ti àdàkọ bó bá pọn dandan. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ ní láti gbé e lọ sí kóòtù. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin Àbùjá ni, kò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ parí ìyẹn ní oṣù kẹrin 2025: ó kan àpapọ̀, ó kan ìpínlẹ̀, ó kan ìbílẹ̀.

Ohun tí mo tẹ̀ fún Ìyá Ìbejì, onídìrí wa yẹn, nìyí:

"Sí Akọ̀wé Ìjọba Ìbílẹ̀. Mo gba ìwé ìbéèrè owó yín lórí ìsọ̀ ìdirun mi. Lábẹ́ òfin FOI ti 2011, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi ní ẹ̀dà bye-law tí ẹ fi béèrè owó náà, pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe tó ti bá a, àti ojú ìwé gásẹ́ẹ̀tì tó wà. Mo ṣetán láti san owó fótókọ́pì. Ẹ ṣeun."

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó kù lọ́wọ́ yín, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀ pé wọ́n ti gbà á, ẹ kà á sí pé ẹ ò kọ ọ́. Ẹ má sì gbàgbé "gbogbo àtúnṣe" yẹn. Wọ́n lè ti fi bye-law tuntun gbé owó sókè, bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ó tọ́, kí ẹ san án.

Bí ẹ̀dà bá dé, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ka iwájú. Ẹ̀yìn ni ìyà máa ń wà. Abala 36, ìlà 12, nínú ìwé òfin sọ pé wọn kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ àfi tí òfin tí a kọ sílẹ̀ bá sọ ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti ìyà rẹ̀. Òfin tí ilé aṣòfin ṣe tàbí ọmọ tó bí ló pè ní òfin tí a kọ. Àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi ti 1961. Kóòtù ìbílẹ̀ jẹ obìnrin kan níyà pé ó ṣe àgbèrè. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e, torí kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ tó pe ìyẹn ní ọ̀ràn ìjọba. Bó ṣe dun àwọn àgbà tó, bó ṣe rí nìyẹn. Nítorí náà, bí ìwé tó wà lẹ́nu ìsọ̀ yín bá ní àwọn á ti ìsọ̀ pa, ẹ wá ibi tí bye-law ti sọ pé wọ́n lè tì í, àti bóyá wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu yín.

Ìyá Ìbejì fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ kẹfà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn, fáìlì aláwọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ apá. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ bá mi fótókọ́pì èyí. Ẹ rọra o, ẹ̀dà kan ṣoṣo la ní." Ojú ìwé mẹ́rìnlá, bébà ti ń pọ́n bí epo. Mo ṣí ìkẹyìn rẹ̀ láti gbé e sórí ẹ̀rọ, mo rí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mi nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí atẹ̀wé máa ń kọ tirẹ̀ sí. Lókè rẹ̀ ni tábìlì owó wà. Ìsọ̀ ìdirun, lọ́dún: ₦500.

Mo ní, "Ọmọ mi, àtúnṣe rẹ̀ ńkọ́?"

Ó wo inú fáìlì, ó tún wò ó. Ó ní òun á padà wá gbé ẹ̀dà náà, pé òun fẹ́ lọ bi ọ̀gá òun nǹkan kan. Mo gba ₦700 fún ojú ìwé mẹ́rìnlá, mo já rìsíìtì fún un. Ẹ̀dà náà ṣì wà lórí tábìlì mi níbí, Ìyá Ìbejì sì ń dirun lọ.